Orí Kẹrin: Ṣọ́ọ̀bù Nísàlẹ̀, Ìyẹ̀wù Lókè

Kí ẹ tó ra àpò símẹ́ńtì kan ṣoṣo, ẹ lọ sórí ilẹ̀ yín ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, kí ẹ dúró síbi tí ojú ilé máa wà. Ẹ wo apá ibi tí òjìji yín nà sí. Ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀. Ẹ bi ẹni tó ti pẹ́ ládùúgbò bóyá àgbàrá máa ń gba ibẹ̀ kọjá, àti ibi tí omi ga dé lọ́jọ́ tó ga jù. Kò ní gbà yín ju wákàtí kan lọ, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ló yẹ kí ayàwòrán ilé fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́lé sí ìgboro Èkó àti Ìbàdàn ló ń fò ó. Fọ́tò ilé tí wọ́n rí lórí fóònù ni wọ́n ń gbé lé bíríkìlà lọ́wọ́, wọ́n á ní, "Irú eléyìí ni mo fẹ́."

Ilé tí orí yìí dá lé kò ṣàjèjì sí wa. Ilé alájà tó dojú kọ títì ni: aránṣọ, onídìrí, oníkẹ́mísìtì àti ìyá tó ń ta ohun mímu tútù wà nísàlẹ̀, àwọn ayálégbé wà lókè. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ wálé ti kọ́ irú rẹ̀ sí Erékùṣù Èkó kí wọ́n tó bí bàbá ńlá ọ̀pọ̀ wa. Ọ̀kan nínú wọn ni Ilojo Bar ní Ìta Tinúbú, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, tí wọ́n sì fi ṣe ilé oúnjẹ àti ilé ọtí. Ìjọba kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Wọ́n ti kọ́ ọ tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbúròó ẹ̀rọ amúlétutù, ó sì sin ènìyàn fún ohun tó lé ní 160 ọdún kí wọ́n tó wó o lulẹ̀ ní 2016. Ó dùn mí títí di òní. Òjò kọ́ ló pa á, oòrùn kọ́ ni. Ọwọ́ ènìyàn ni.

Ilé báyìí ní ọ̀gá méjì. Ẹni tó ń tajà ń fẹ́ kí èrò máa wọlé jáde, kí iná wà lọ́sàn-án. Ẹni tó ń gbé lókè ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, atẹ́gùn, àti iná lálẹ́. Bí ẹ bá ro ti àwọn méjèèjì pọ̀ látìgbà tí iṣẹ́ ṣì wà lórí bébà, ohun tí ọ̀kan kò lò ni èkejì máa lò. Bí ẹ kò bá rò ó, ọ̀kan á máa ni èkejì lára títí ilé á fi gbó.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Mo gbé òkè ṣọ́ọ̀bù ní Múṣin fún ọdún mẹ́rin. Ìwọ̀-oòrùn ni ìyẹ̀wù mi kọjú sí, kò sí ohun kankan tó ṣíji bo ògiri rẹ̀. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí títì fúnra rẹ̀ ti tutù, bí mo bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri yẹn, ṣe ló dà bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Ooru tí bulọ́ọ̀kù fà mu lọ́sàn-án ló ń tú sínú yàrá lóru. Abẹ́ fèrèsé mi gan-an ni jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta wà. Nítorí èéfín, a máa ń ti fèrèsé; bí a bá ti fèrèsé, ooru á mú, a ó nílò fáànù; nítorí fáànù, àwa náà á lọ tan jẹnẹrétọ̀ tiwa, èéfín á tún pọ̀ sí i. Onílé wa kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kò sẹ́ni tó sọ fún un, kó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, pé ibi tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a fi ń gòkè wà ló yẹ kí ìyẹ̀wù wà, pé ibi tí ìyẹ̀wù wà ló sì yẹ kí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà.

Bí oòrùn ṣe ń rìn lórí ilé

Ní ilẹ̀ wa, oòrùn ọ̀sán gangan kì í jìnnà sí àtàrí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin. Ní oṣù Kẹfà ó á yẹ̀ díẹ̀ sí àríwá, ní oṣù Kejìlá ó á yẹ̀ sí gúúsù. Òrùlé ló ń gba ìyẹn. Èyí tó ń wọnú yàrá ni ti àárọ̀ láti ìlà-oòrùn àti ti ìrọ̀lẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn, ti ìrọ̀lẹ́ ló sì burú jù, nítorí pé ilẹ̀ àti ògiri ti gbóná kó tó dé.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwọ̀n sí i. Bí etí òrùlé bá yọ 90 sẹ̀ǹtímítà kọjá ògiri gúúsù, ní ọ̀sán gangan ní oṣù Kejìlá, nígbà tí oòrùn rọ̀ sí gúúsù jù lọ, òjìji rẹ̀ á bo mítà kan ààbọ̀ lára ògiri náà. Ní ẹ̀gbẹ́ àríwá, ní oṣù Kẹfà, etí òrùlé kan náà á bo nǹkan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́ta, ìyẹn ògiri àjà kan látòkè délẹ̀. Ẹ wá gbé e lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ní oṣù Kẹta tàbí oṣù Kẹsàn-án, tó bá kù díẹ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lù, oòrùn ti wálẹ̀ débi pé etí òrùlé tó yọ odidi mítà kan kò lè bò ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ìyókù fèrèsé á gba oòrùn sójú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí kọ́tìnì méjì, páálí àti bébà dúdú lójú fèrèsé ìwọ̀-oòrùn káàkiri ìlú: àwọn ayálégbé ń fi páálí ṣe iṣẹ́ tí ayàwòrán ilé kò ṣe.

Ilẹ̀ ìgboro kì í jẹ́ kí ènìyàn yan ojú ilé bó ṣe wù ú, títì ni ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ kọjú sí. Ẹ jẹ́ ká mú pulọ́ọ̀tì kan, mítà 18 níbùú, mítà 36 ní gígùn, tí títì wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń rò pé irú ilẹ̀ yìí kò dára. Lójú tèmi, ó dára ju bí wọ́n ṣe rò lọ, nítorí pé apá tó kúrú jù lára ilé ló kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì kọjú sí àríwá àti gúúsù, níbi tí etí òrùlé ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi mítà mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi mẹ́fà sílẹ̀ níwájú, kí ẹ fi mẹ́fà sẹ́yìn. (Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fúnni níwèé àṣẹ ìkọ́lé iye tí òfin ní kí ẹ fi sílẹ̀, l'Ékòó, LASPPPA ni.) Ó ku ilé tó jẹ́ mítà 12 níbùú àti 24 ní gígùn. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tó fẹ̀ ní mítà mẹ́rin mẹ́rin á tò sí iwájú.

Níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù yìí, ẹ ṣe fàràndà tó jìn tó mítà méjì. Kò ní jẹ́ kí oòrùn pa aṣọ tí aránṣọ so kọ́, oníbàárà á rí ibi yà sí nígbà òjò, ọjà kò sì ní máa tú dé ojú gọ́tà. Lókè fàràndà náà, ẹ fi fáńsì bulọ́ọ̀kù, bulọ́ọ̀kù oníhò tí àwọn bàbá wa mọ̀ dáadáa, gé oòrùn ìrọ̀lẹ́ sí wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, balùwẹ̀ àti ibi ìkẹ́rù-sí wà. Kò sẹ́ni tó ń sùn lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ jẹ́ kó gba ooru fún wa. Kí àwọn ìyẹ̀wù bọ́ sí àríwá, gúúsù àti ẹ̀yìn ilé. Bó bá jẹ́ àríwá tàbí gúúsù ni títì yín wà, ẹ̀gbẹ́ gígùn ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa bá jà. Níbẹ̀ ni kí ẹ ná owó fáńsì bulọ́ọ̀kù sí, kí ẹ sì gbin igi.

Atẹ́gùn tí kò ríbi jáde kò ní wọlé

Láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, lórí òkun, ni atẹ́gùn tiwa ti ń wá fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, àfi ìgbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n mímọ ibi tó ti ń wá kò tó. Yàrá tó ga ní mítà mẹ́ta, tí fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, atẹ́gùn kì í wọ inú rẹ̀ ju bíi mítà mẹ́fà lọ, ó máa ń kú sẹ́nu ọ̀nà ni. Bí ihò bá wà níwájú àti lẹ́yìn, ó lè la yàrá tó jìn tó mítà 15 kọjá. Èyí ni àléébù ńlá tó wà lára ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ. Ọ̀nà tóóró gba àárín ilé kọjá, yàrá wà lọ́tùn-ún lósì, kò sì sí yàrá kan tó ní ihò méjì tó dojú kọra. Ọ̀sán gangan, ẹ óò tan iná kí ẹ tó rí kọ́kọ́rọ́ fi sójú rẹ̀.

Àwọn baba wa ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Agbo ilé ní àgbàlá láàárín. Yàrá yí i ká, atẹ́gùn ń gba ojú ọ̀run wọlé, òjò tó bá rọ̀ sínú rẹ̀ ní ọ̀nà tó ń gbà jáde. Ní Ilé-Ifẹ̀, àpáàdì ni wọ́n tò sílẹ̀ àgbàlá bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kò sì ní rì nígbà òjò. Nínú ilé mítà 12 sí 24 wa yìí, ẹ gé ihò mítà mẹ́rin sí mẹ́fà sí àárín, látilẹ̀ dókè. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun onílé: "Yàrá kan ni mo pàdánù yẹn lájà kọ̀ọ̀kan." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n yàrá tó kù á ní ihò méjì, ilé ìdáná á ní ibi tí èéfín ń gbà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò ní nílò iná lọ́sàn-án. Ayálégbé tó bá wọlé kì í fẹ́ jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́ kó lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtìyàwó ará Bìrìtìkó, ló yàwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ níbẹ̀ lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ẹ dúró sẹ́nu ilé ìkàwé Kenneth Dike ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú, kí ẹ wo bí ògiri oníhò ṣe ń gé ìmọ́lẹ̀, tí atẹ́gùn ṣì ń kọjá. Àwọn ilé gbígbé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kò jìn ju yàrá kan lọ, kí atẹ́gùn lè wọ ibí jáde lọ́hùn-ún.

Fèrèsé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Sláídìn ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ra sláídìn, ìdajì owó yín ni atẹ́gùn ń lò, torí pé ìdajì rẹ̀ ló ń ṣí. Lúùfà àti fèrèsé tó ń ṣí síta ń ṣí tán pátápátá. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn náà ń dín atẹ́gùn kù, nítorí náà ẹ fi díẹ̀ kún ìwọ̀n ihò tí ẹ bá máa fi nẹ́ẹ̀tì bò. Kì í wá ṣe pé kí ẹ fi gíláàsì bo gbogbo ògiri o. Òfin ìlò agbára nínú ilé tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2017 ní kí gíláàsì má ju ìdá kan nínú márùn-ún ògiri lọ, àfi bí òjìji tàbí gíláàsì àkànṣe bá wà. Ilé onígíláàsì tí a ń rí ní títì ńlá wọ̀nyí, ìlú olótùútù ni wọ́n bí i sí.

Ọ̀rọ̀ òrùlé ká mi lára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àṣà tó gbòde ni pé kí wọ́n mọ ògiri kọjá òrùlé yíká, tí wọ́n ń pè ní parapẹ́ẹ̀tì, kí pánù fara pa mọ́ sínú rẹ̀. Ó rẹwà nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n etí òrùlé ti lọ nìyẹn: òjò á máa fọ ògiri láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá, ọ̀dà á pàwọ̀ dà, oòrùn á máa wọ fèrèsé, omi á sì kó sínú gọ́tà òrùlé tí ewé kan ṣoṣo lè dí. Ìgbà tí omi bá ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì ayálégbé ni wọ́n máa ń gòkè lọ wò ó. Ẹ jẹ́ kí pánù yọ síta. Ẹ lo pánù tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́, kì í ṣe dúdú tàbí pupa tó ki, kí ẹ sì fi ihò sílẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ kí ooru àárín pánù àti síìlìn lè rí ibi jáde.

Omi tó ń bọ́ lọ́fẹ̀ẹ́

Mìlímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan, lítà omi kan ni. Ìṣirò tí ọmọ ilé-ìwé lè ṣe ni, àmọ́ kò wọ́pọ̀ kí onílé ṣe é. Òrùlé ilé wa yìí, pẹ̀lú etí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní 300 mítà onígun mẹ́rin. Bí òjò Ìbàdàn bá jẹ́ bíi 1,250 mìlímítà lọ́dún, 375,000 lítà ló ń bọ́ sórí rẹ̀. Ká ní ìdá kan nínú márùn-ún ṣòfò, 300,000 lítà ló kù. Bí ènìyàn 30 bá ń gbé lókè, tí kálukú ń lo 60 lítà lójúmọ́, omi náà tó wọn lò fún ọjọ́ 166. Ti Èkó tún pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò sí tànkì tó lè gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò pọn dandan. Tànkì 20,000 lítà tí ẹ bá mọ sábẹ́ àgbàlá, kí ẹ tó da kọnkéré ilẹ̀ ibẹ̀, á tó ilé náà lò fún ọjọ́ 11, nígbà òjò sì rèé, kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí òmíràn tó rọ̀. Ẹ ṣe páìpù tó máa ń da omi àkọ́kọ́ nù, nǹkan bí 300 lítà, torí pé omi yẹn ló ń fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí pánù. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu gbogbo ihò kí ẹ̀fọn má baà yé sínú rẹ̀. Omi yìí wà fún ilé ìgbẹ́, aṣọ fífọ̀ àti ilẹ̀ nínù. Bí ẹ bá fẹ́ mu ún, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì sè é. Páìpù tirẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti omi mímu látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kun ún ní àwọ̀ mìíràn, nítorí pùlọ́ḿbà tó máa tún un ṣe lọ́dún mẹ́wàá sí i kì í ṣe ẹni tó rì í.

Ilé ìgbẹ́ tó ń lo lítà mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan kò dọ́gba pẹ̀lú èyí tó ń lo mẹ́fà. Bí ènìyàn 30 bá fà á ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, lítà 360 ni ìyàtọ̀ rẹ̀ lójúmọ́.

Bórò hóòlù àti sókàwéè ni ìjà tó le jù nínú pulọ́ọ̀tì kan. Ó yẹ kí mítà 30 wà láàárín wọn. Ẹ lè fi bórò hóòlù síwájú, kí ẹ fi sókàwéè sẹ́yìn, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ṣùgbọ́n sókàwéè aládùúgbò lè wà lẹ́yìn ògiri, mítà márùn-ún péré sí bórò hóòlù yín. Ẹ lọ kí i. Ẹ jọ fìmọ̀ ṣọ̀kan kí ẹ tó gbẹ́ nǹkan kan. Bí àyè kò bá sí, ẹ lo tànkì ìgbẹ́ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dí pa, tí ọkọ̀ ń wá fà, kí ẹ sì gbé omi lọ sílé àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Omi mímọ́ lójú kò túmọ̀ sí omi tó dára.

Iná: ibi tí ọ̀gá méjèèjì ti ń ran ara wọn lọ́wọ́

Lórí ọ̀rọ̀ iná ni ilé oníṣọ́ọ̀bù ti sàn ju ilé gbígbé lásán lọ, ó sì yà mí lẹ́nu pé a kì í sọ ọ́. Ìgbà tí oòrùn bá ń ràn ni sólà ń mú iná wá. Nínú ilé gbígbé lásán, kò sẹ́ni tó wà nílé nígbà yẹn. Gbogbo iná náà gbọ́dọ̀ wọ bátìrì kó tó dalẹ́. Bátìrì ló sì ń gbówó lórí jù, òun náà ló kọ́kọ́ ń kú. Ṣùgbọ́n bí ṣọ́ọ̀bù bá wà nísàlẹ̀, ọ̀sán ni firísà ń ṣiṣẹ́ jù, ọ̀sán ni ẹ̀rọ ìránṣọ àti ti onídìrí ń sáré. Iná ń ti orí òrùlé bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ tààrà.

Ẹ wo páńẹ́ẹ̀lì sólà mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 550 wáàtì. Wọn kò gbà ju 30 mítà onígun mẹ́rin lọ lórí òrùlé. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa, wọ́n á mú nǹkan bíi yúníìtì 20 wá. Bí àwọn ṣọ́ọ̀bù bá ti lo 11 lọ́sàn-án, mẹ́sàn-án ló kù tí bátìrì máa gbà: ìyẹn tó fáànù, gílóòbù LED àti tẹlifíṣọ̀n fúláàtì mẹ́fà lálẹ́. Ìdajì bátìrì tí ẹ ìbá rà ni ẹ rà. Kí páńẹ́ẹ̀lì dojú kọ gúúsù, kó dẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ nu eruku rẹ̀. (Parapẹ́ẹ̀tì tí mo bá yín sọ lẹ́ẹ̀kan, òjìji rẹ̀ tún máa ń bo páńẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.)

Kí ẹ má fi owó sólà ja ooru tí àwòrán ilé fà. Ẹ̀rọ amúlétutù oníhọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún á jẹ iná fáànù 12. Ilé tí wọ́n yàwòrán rẹ̀ dáadáa, fáànù á tó o fún ọ̀pọ̀ òru.

Kálukú gbọ́dọ̀ ní mítà iná tirẹ̀, ṣọ́ọ̀bù àti fúláàtì, ti sólà náà. Ìjà owó iná ti tú ilé ká ju ooru lọ. Bí jẹnẹrétọ̀ kò bá ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, ẹyọ kan ni kó jẹ́ fún gbogbo ilé, ní igun àríwá-ìlà-oòrùn lẹ́yìn ilé, kí atẹ́gùn gúúsù-ìwọ̀-oòrùn lè máa gbé èéfín rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ yín, kí ẹ sì fi páìpù gbé èéfín náà ga kọjá òrùlé nítorí aládùúgbò. Nínú èéfín yẹn ni afẹ́fẹ́ olóró kan wà tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tó ti pa odidi ìdílé lójú oorun. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ má gbé e sínú àgbàlá.

Kí ilé dúró, kí ènìyàn rí ọ̀nà jáde

Ilé tó bá wó, gbogbo símẹ́ńtì, irin àti epo tí wọ́n fi kọ́ ọ ti ṣòfò, ẹ̀mí tó bá a lọ kò sì ní àrọ́pò. Ní 13 oṣù Kẹta 2019, ilé kan wó ní Ìta Fájì, Erékùṣù Èkó. Ilé gbígbé ni, ilé-ìwé ọmọdé sì wà lókè rẹ̀. Mi ò lè kọ orí yìí kí n má mẹ́nu kan àwọn ọmọ tó bá a lọ.

Ilé oníṣọ́ọ̀bù máa ń yí iṣẹ́ padà. Aránṣọ á kó jáde, onísímẹ́ńtì á wọlé, á sì to àpò 400 jọ. Ẹlòmíràn á gba ṣọ́ọ̀bù méjì, á ní kí wọ́n wó ògiri àárín kí ó di ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ògiri yẹn ló gbé dẹ́ẹ̀kì, a ti kan ọ̀ràn. Ẹ sọ fún ẹnjinníà yín pé òpó àti bíìmù nìkan ni kó gbé òkè, kí ògiri tó wà nísàlẹ̀ lè ṣeé wó láìsí ewu. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé ìsàlẹ̀ lè di ibi ìkẹ́rù-sí lọ́jọ́ kan. Ẹ yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó pinnu iye àjà, ẹ gbé irin àti bulọ́ọ̀kù lọ síbi àyẹ̀wò. Ìjọba Èkó ní ilé àyẹ̀wò ohun èlò ìkọ́lé fún èyí. Kí ẹ má sì fi àjà kan lé ìpìlẹ̀ tí a kò rì fún un, bó ti wù kí owó ilé wọ́n tó.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn tó ń gbé lókè kò gbọdọ̀ gba inú ṣọ́ọ̀bù kọjá. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni kó ti wọlé, kí ògiri bulọ́ọ̀kù pààlà sí i, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni iná ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, òkè ló sì ń sá lọ. Kọnkéré ni kí dẹ́ẹ̀kì àárín jẹ́, kò gbọdọ̀ jẹ́ pákó. Irin ojú fèrèsé tí a fi ń dènà olè, ẹ ṣe é kí ọ̀kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ní ìdè tó ń ṣí láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ so kọ́ sára ògiri níbi tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè nawọ́ mú. Ní oṣù Kọkànlá 2019 tí iná jó ilé gogoro ní ọjà Balógun, gbogbo wa rí i lórí tẹlifíṣọ̀n bí ó ṣe ń ti àjà kan bọ́ sí èkejì.

Ní ti ohun èlò, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ṣíṣe símẹ́ńtì ń tú nǹkan bí ìdá méje sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo èéfín kábọ́ọ̀nù tí ayé ń tú sílẹ̀. Ẹ lò ó níbi tó ti pọn dandan, nínú ìpìlẹ̀, òpó àti dẹ́ẹ̀kì, ẹ má sì din ín kù níbẹ̀. Fún ògiri tí kò gbé nǹkan kan, ẹ wo búríkì ilẹ̀ pupa tí ẹ̀rọ fi agbára tẹ̀, tí símẹ́ńtì inú rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba lórí ilé àti títì, NBRRI, ti ń ṣe é tipẹ́. Kì í nílò ọ̀dà, ilẹ̀ tí a gbẹ́ láti orí pulọ́ọ̀tì gan-an sì lè bá a mu bí iyanrìn inú rẹ̀ bá tó. Ẹ má fi kọnkéré bo gbogbo àyè tó yí ilé ká. Bí ẹ bá fẹ́ bulọ́ọ̀kù íńtálọ́ọ̀kù, orí iyanrìn ni kí ẹ tò ó sí kí omi lè máa rì, kí ẹ sì fi ojú ilẹ̀ sílẹ̀ fún igi méjì ní ìwọ̀-oòrùn.

Kí wọ́n tó da dẹ́ẹ̀kì, lọ́jọ́ tí páìpù àti wáyà bá ti tò lórí irin, ẹ gòkè lọ pẹ̀lú fóònù yín. Ẹ na téèpù ìwọ̀n sílẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú téèpù náà nínú rẹ̀, kí ẹni tó máa tún ilé ṣe lọ́la lè mọ ibi tí wọ́n gbà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú sókàwéè àti tànkì abẹ́ àgbàlá kí wọ́n tó bò wọ́n. Ẹ tẹ àwọn fọ́tò náà jáde ní ẹ̀dà méjì, ẹ rán wọn pọ̀ bí ìwé, kí ẹ kọ orúkọ yàrá, oṣù àti ọdún sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tọ́jú ọ̀kan sílé, kí ẹ kó èkejì fún ẹni tó ń bójú tó ilé.